Mojísọ́lá, Ààwẹ̀ Ikùn Kì í Ṣe Ẹ̀jẹ́

Ajangbádì, Ọ̀jọ́.

Àjọkẹ́ mi,

Aṣọ rẹ ti dé. Dẹ́rẹ́bà tó gbé e láti Àkúrẹ́ pè mí lánàá, mo sì fẹsẹ̀ ara mi lọ gbà á ní Ìyànà Ìbà. Mo tú u sórí tábìlì ní ṣọ́ọ̀bù: àwọn síkẹ́ẹ̀tì tó ò ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́, kóòtù méjèèjì, àti gáùn búlúù tí mo rán fún ọ nígbà tí wọ́n gbà ọ́ sí báǹkì. O ní kí n dín gbogbo wọn kù, o sì fi ìwọ̀n ara rẹ tuntun ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Mo ka ìwọ̀n náà, mo bọ́ gíláàsì ojú mi, mo nù ún, mo tún kà á. Mo wá na tépù sílẹ̀ lórí tábìlì kí n lè fojú ara mi rí bí ìbàdí náà ṣe kéré tó. Kò tíì pé ọdún kan tó o kúrò lọ́wọ́ mi lọ sílé ọkọ, Mojí. Kò yẹ kó ti dà báyìí.

Ibi tí mo ti ń ro ìyẹn lọ́wọ́ ni ọkọ rẹ ti pè. Má bínú sí i. Kúnlé ò fẹ́ sọ ọ́, ṣe ló ń gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ó ní o ṣubú ní kíṣìnnì láàárọ̀ Sátidé, pé àwo ọwọ́ rẹ fọ́, pé nígbà tí òun fẹ́ gbé ọ lọ sí ọsibítù, o ní kó fi ọ́ sílẹ̀, pé bó ṣe máa ń ṣe ẹni tó bá ń gbààwẹ̀ nìyẹn. O tún ní kó má sọ fún mi. Ọjọ́ Sátidé yẹn gan-an lèmi àtìwọ sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Mo ní, "Ṣé o ti jẹun?" O ní, "Mo ti jẹun, Màámi. Ìrẹsì ni mo jẹ."

Ó rẹ̀ mí, ọmọ mi. Mo lè pè ọ́ kí n pariwo, àmọ́ mo mọ̀ ọ́. Wàá ní, "Ẹ ṣé, Màámi, mo ti gbọ́," wàá sì gbé fóònù sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Ìdí tí mo fi mú ìwé nìyí. Mi ò kọ lẹ́tà mọ́ láti ìgbà tí bàbá rẹ ti kú, ọwọ́ mi ti wúwo, nítorí náà fara balẹ̀ kà á tán. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ò ju ọ̀kan lọ. Mò ń bẹ̀rù pé fóònù á dún lọ́jọ́ kan, orúkọ rẹ á hàn lójú ẹ̀, màá gbé e, kò sì ní jẹ́ ìwọ lo máa sọ̀rọ̀.

Mi ò ní kó o má fọn o. Jẹ́ kí n ti kọ́kọ́ sọ ìyẹn, kó o má baà sọ pé Màámi ò gbọ́ mi yé. Mo mọ̀ pé o sanra. Èmi ni mò ń rán aṣọ rẹ láti jẹ́léósinmi, mo mọ iye yáàdì tó ń lọ sí i. Itan ìyá mi nìyẹn, ó gbé e fún mi, mo gbé e fún ọ. Mo sì gbọ́ ohun tí ọ̀gá yín sọ níwájú kọ́sítọ́mà, pé kí wọ́n wá àga tó máa gbà ọ́. Ó dùn mí títí mo fi gé aṣọ aláṣọ bà jẹ́ lọ́jọ́ náà. Tó o bá ní o fẹ́ jò díẹ̀ kí ẹsẹ̀ rẹ lè fúyẹ́, mo fara mọ́ ọn. Èmi náà wà nínú ẹ̀. Ó ti lé lọ́dún mélòó kan tí mo ti wà nínú ẹ̀, o kàn rò pé ọjọ́ orí ló mú mi jò ni.

Ìgbà tó o lọ sìnlú ní Bàúchì ló bẹ̀rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó ń yẹ ṣúgà mi wò ní kí n dín ara kù, pé orókún mi ò gbé mi mọ́, pé oògùn ṣúgà tí mò ń lò náà á ṣiṣẹ́ dáadáa tí mo bá fọn. Mo padà délé, mo sọ ọ́ fún Alhaja onílé wa. O mọ Alhaja, tí wọ́n bí sí Ọ̀jọ́ níbí nígbà tí gbogbo ẹ̀ ṣì jẹ́ igbó àgbọn, tí wọn ò sì jẹ́ kí ayálégbé kankan gbàgbé ìyẹn. Wọ́n ní, "Ìyá Mojí, èmi náà ò lè tẹríba kírun dáadáa mọ́. Ká jọ ṣe é." Wọ́n pe Màmá Ṣọ́jà mọ́ wa, obìnrin tó ń ta òwú àti síìpù fún mi ní ọjà inú bárékè, tí ọkọ ẹ̀ ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ológun. Àwa mẹ́ta la bẹ̀rẹ̀. Màmá Ṣọ́jà ní ká fún ẹgbẹ́ wa lórúkọ, Alhaja ní ṣé a fẹ́ lọ gba páálí ìjọba ni.

Bá a ṣe ń ṣe é ò le. A ò ní jẹ nǹkan kan láàárọ̀ títí di ọ̀sán gangan, a ó sì ti jẹun tán kí ilẹ̀ tó ṣú. Láàárọ̀ a ó rìn jáde sápá ọ̀nà bárékè, a ó padà. Alhaja ò fẹ́ràn kí wọ́n máa tẹ nǹkan lórí fóònù, nítorí náà ohùn la fi ń ránṣẹ́ síra wa lórí Wọ́sáàpù. Mo lè wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, màá gbọ́ ohùn Alhaja: "Ìyá Mojí, fi búrẹ́dì yẹn sílẹ̀, mò ń gbóòórùn ẹ̀ láti òkè níbí." Kì í sì í ṣe irọ́, búrẹ́dì á wà lọ́wọ́ mi. Màá rẹ́rìn-ín, màá fi sílẹ̀. Mi ò lè purọ́ fún ọ, ó dùn mọ́ mi. Lẹ́yìn tí bàbá rẹ ti lọ, tíwọ náà ti lọ, kò sẹ́ni tó tún ń bi mí ní ohun tí mo jẹ.

Àṣìṣe wa àkọ́kọ́ nìyí, kó o fi rẹ́rìn-ín. Èmi àti Màmá Ṣọ́jà, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni wá, bí wọ́n ṣe ń ṣínu nílé àdúrà la ṣe ń ṣínu. Tí ọ̀sán bá ti pọ́n báyìí, Màmá Ṣọ́jà á gbé dùǹdú kalẹ̀, á gbé ẹ̀bà tẹ̀ lé e, a ó dúpẹ́, a ó sì jẹun bí ẹni tó ti orí òkè àdúrà bọ̀. Nígbà tá a fi máa gorí ìwọ̀n, a ti sanra sí i. Alhaja wò wá, wọ́n ní, "Ẹ ò gbààwẹ̀, ẹ kàn ń fi ebi tọ́jú àyè fún oúnjẹ ni."

Èkejì, ìjà lórí omi ni. Èmi ní ààwẹ̀ ò ní omi nínú. Alhaja ní àwọn mọ ààwẹ̀ tí kò lómi nínú dáadáa, kí n má kọ́ àwọn. Wọ́n ní, "Ti Ọlọ́run wà lọ́tọ̀, mo ṣì ń san àwọn ọjọ́ Ràmàdáánì tí mi ò lè gbà nígbà tí mo ń ṣàìsàn. Èyí, ti ìbàdí mi ni. Màá mu omi mi." Wọ́n ń pè é ní ààwẹ̀ ikùn. Mi ò gbà nínú ara mi. Lójú mi, ẹni tó ń gbààwẹ̀ tó tún ń mu omi, eré ló ń ṣe.

Mo wá gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Mo mọ̀ pé ìwọ náà ti rí ibi tí mò ń lọ. Mo wọ sùtánà mi, mo tan àbẹ́là, mo kúnlẹ̀, mo sì jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé títí ara mi á fi fúyẹ́, n kò ní fi nǹkan kan kan ẹnu láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, àti omi náà. Mo ní kí Wòlíì gbàdúrà lé mi lórí. Wọn ò bi mí pé kí ni mò ń tọrọ, èmi náà ò sọ. Mi ò sọ fún Alhaja, mi ò padà lọ bi nọ́ọ̀sì. Oògùn ṣúgà tí wọ́n ní kí n máa jẹun sí, mò ń lò ó láàárọ̀ bí mo ṣe máa ń lò ó, inú mi á sì ṣófo títí di ìrọ̀lẹ́. Tí Alhaja bá fi ohùn ránṣẹ́ lọ́sàn-án pé, "Ìyá Mojí, kí lo jẹ?" màá ní, "Mo jẹ ẹ̀wà, Alhaja." Bíi tìrẹ lórí ìrẹsì.

Ọjọ́rú kan ni, a wà ní ìsìn àwọn ìyá. Ọwọ́ mi ló kọ́kọ́ ń gbọ̀n. Òógùn bò mí nínú sùtánà, ó sì tutù. Màmá tó jókòó tì mí wò mí, wọ́n rọra sún kúrò. O mọ ṣọ́ọ̀ṣì wa, Mojí. Ibi tí ẹlòmíì á ti sáré wá omi, ṣe làwa máa ń sún kúrò kí Ẹ̀mí lè ráyè. Mo dìde, mo ta gọ́ọ́gọ́ọ́, mo ṣubú. Wọ́n bá lu agogo.

Wọ́n dá orin. Ẹnì kan gbá ọ̀já mọ́ mi nídìí kí aṣọ mi má baà ṣí. Ẹlòmíì mú bírò àti ìwé, ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu mi, ó ń dúró de iṣẹ́ tí mo máa jẹ́. Mo ń gbọ́ wọn, Mojí, ohun tí mo fẹ́ kó o mọ̀ nìyẹn. Mi ò sùn. Mo fẹ́ sọ pé ẹ fún mi ní nǹkan dídùn, ahọ́n mi ò gbé e. Ohun tó ń jáde lẹ́nu mi ò jọ ọ̀rọ̀, bó sì ṣe ń rújú sí i ni inú wọn ń dùn sí i, tí wọ́n ń ṣe àmín. Lórí tábìlì tó wà níwájú pẹpẹ, ìgò oyin kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìrèké àti èso, tí wọ́n gbé wá fún àdúrà ọmọ tuntun kan. Mo dojú kọ ọ́ níbi tí mo dùbúlẹ̀ sí. Mo mọ̀ pé ohun tó máa gbà mí wà nínú ìgò yẹn. Kò jìnnà sí mi, ọwọ́ mi ni kò gbéra.

Alhaja wà ní géètì. A ti ṣàdéhùn pé lẹ́yìn ìsìn a ó jọ lọ ra síìpù lọ́dọ̀ Màmá Ṣọ́jà, wọ́n sì ti dúró títí tó sú wọn. Nígbà tí wọ́n gbọ́ agogo, wọ́n wọlé wá wòran. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi gan-an nìyẹn, wọ́n wá wòran. Wọ́n bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ìyẹn ò ṣòro fún wọn, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń wọ mọ́ṣáláṣí. Wọ́n wò mí lẹ́ẹ̀kan. Ṣúgà ló pa ọkọ Alhaja, wọ́n mọ irú òógùn yẹn.

Wọ́n ní, "Ebi ló ń pa obìnrin yìí."

Màmá kan ní, "Alhaja, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra. Ẹ̀mí ló gùn wọ́n."

"Mo gbọ́. Kí ló wà nínú ìgò yẹn?"

"Oyin àdúrà ni."

"Ẹ gbé e wá."

Kò sẹ́ni tó mira. Wo obìnrin oníhìjáàbù láàárín ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun, tó ń béèrè ohun iwájú pẹpẹ. Wòlíì fúnra wọn ló lọ gbé e. Mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn títí dòní, torí wọ́n lè sọ pé rárá, gbogbo ìjọ á sì tẹ̀ lé wọn. Wọ́n wo ojú mi, wọ́n wo ojú Alhaja, wọ́n ṣí ìgò náà. Alhaja ki ìka bọ oyin, wọ́n fi ra ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi nínú, wọ́n tún ki í bọ̀ ọ́, wọ́n tún fi sábẹ́ ahọ́n mi. Wọ́n ń ṣe é, wọ́n ń bú mi jẹ́jẹ́ bí ẹni ń rẹ ọmọ: "Ìyá Mojí, o fẹ́ kú lójú oyin. Èwo ni ẹ̀wà tó o ní o ń jẹ? Ẹ̀wà dà?" Mo wá gbọ́ lẹ́yìn náà pé Alhaja fúnra wọn ń gbààwẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ààwẹ̀ ti Ọlọ́run tí wọ́n ń san. Oyin ń kán sílẹ̀ ní ìka wọn, wọn ò tọ́ ọ lá.

Díẹ̀díẹ̀ ni ojú mi là. Wọ́n gbé mi lọ sí ọsibítù, wọ́n fa omi sí mi lára. Dókítà ní oògùn tí mo lò láìjẹun ló fa ṣúgà ara mi wálẹ̀ jù, pé tó bá pẹ́ díẹ̀ sí i ni, ọ̀rọ̀ mìíràn là bá máa sọ.

Ẹnu bẹ̀rẹ̀ sí í kùn nínú ìjọ. Àwọn kan ní mo ti ba ẹ̀jẹ́ jẹ́, pé ọwọ́ ẹni tí kì í ṣe ti wa ni mo tún fi bà á jẹ́. Wòlíì wá wò mí nílé. Wọ́n jókòó, wọ́n ní, "Ìyá, kí lẹ ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run gan-an?" Mo ní, "Kí n fọn ni." Wọ́n wolẹ̀, mo rí i pé ẹ̀rín ń pa wọ́n, ojú sì tún ń tì wọ́n. Wọ́n ní, "Ẹ̀ bá ti sọ fún mi. Ǹ bá ní kẹ́ ẹ máa jẹun." Wọ́n gbàdúrà, wọ́n tú mi sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ́ náà, wọ́n sì jẹ àmàlà kí wọ́n tó lọ.

Mo ní kí ẹnikẹ́ni má sọ fún ọ. Mo ní ọ̀nà jìn, wàá fi iṣẹ́ ìlú sílẹ̀ sáré wá. Nítorí náà, nígbà tí Kúnlé sọ pé o ní kó má sọ fún mi, mi ò bi ọ́ pé níbo lo ti kọ́ ọ.

Ó yá, jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fẹ́ kó o ṣe.

Èkíní, lọ ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ lọ́sẹ̀ yìí. Ṣúgà wà nínú ẹbí wa. Sọ fún dókítà pé ò ń gbààwẹ̀, má fi pamọ́, sọ bó o ṣe ń ṣe é àti bó o ṣe ṣubú. Tí wọ́n bá ní kó o má gbà á mọ́, má gbà á mọ́. Tí wọ́n bá ní o lè máa gbà á, tún bi wọ́n pé báwo.

Ìkejì, Kúnlé ní nínú gúrúpù tẹ́ ẹ ti jọ ń gbààwẹ̀ lórí fóònù, ẹni tó bá jẹun kí àkókò tó tó á kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Mo ṣubú," àwọn yòókù á sì máa kọ pé, "Dìde, arábìnrin." Ó ní o sọ pé o ti bá Ọlọ́run dá májẹ̀mú lórí ẹ̀. Mojísọ́lá, mo bẹ̀ ọ́, mú Ọlọ́run kúrò nínú ọ̀rọ̀ síkẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó jẹ búrẹ́dì láàárọ̀ kò ṣubú. Ìwọ tó o wà nílẹ̀ kíṣìnnì pẹ̀lú àwo fífọ́, ìwọ lo ṣubú, ìwọ ò sì kọ ìyẹn síbẹ̀. Ààwẹ̀ ikùn ni èyí, bí Alhaja ṣe wí. Tí ara bá ní òun ò lè ṣe é lónìí, jẹun kó o sì tún bẹ̀rẹ̀ lọ́la, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ kankan níbẹ̀.

Ìkẹta, wo àwọn tẹ́ ẹ jọ ń ṣe é. Èmi ò ní kó o dá a ṣe, torí mo mọ̀ pé ǹ bá ti jáwọ́ láti ọjọ́ kìíní tí kì í bá ṣe ohùn Alhaja. Àmọ́ lẹ́yìn oyin yẹn, a yí nǹkan padà. Màmá Ṣọ́jà gbé ìwọ̀n ẹ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. A kì í bi ara wa mọ́ pé kí lo wọ̀n. Ohun tí kálukú kọ́kọ́ ń sọ láàárọ̀ ni bó ṣe jí. Ẹni tó bá ní, "Ara mi ò gbà á lónìí," òun la máa ń kí jù, a ó ní, "O káre, lọ jẹun." Àwọn ọ̀rẹ́ gúrúpù rẹ tí wọ́n ń fi àwòrán ìwọ̀n ránṣẹ́ láàárọ̀, ta ló mọ ilé rẹ nínú wọn? Ta lo lè sọ fún pé o dákú? Ọmọbìnrin tó kó yín jọ ńkọ́, ṣé kì í ṣe òun náà ló ń ta tíì ìfọnra? Mo kàn ń béèrè ni. Wá ènìyàn kan tó wà nítòsí rẹ, tó lè rí ojú rẹ tí o bá ń purọ́. Kúnlé gan-an tó. Ikùn tirẹ̀ náà ti ń yọ, mo rí i nígbà tẹ́ ẹ wá.

Nǹkan míì ni omi. Mu omi. Mi ò tún ní ṣàlàyé ìyẹn mọ́. Tó o bá sì fẹ́ jẹun, jẹ oúnjẹ tó ní ẹja tàbí ẹ̀wà nínú, má jẹ́ kó jẹ́ bísíkíìtì àti mínírà tí wọ́n ń tà níwájú báǹkì.

Mi ò mọ iye tí mo kà dé mọ́. Ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ ló kàn. Má tún sọ pé kó má sọ fún mi. Ọkùnrin yẹn ń sunkún lórí fóònù, ó ń díbọ́n pé ọ̀fìnkìn ni. O gbé ẹrù lé e lórí tí kì í ṣe tirẹ̀, ó sì ń gbé e nítorí pé ó fẹ́ràn rẹ. Má lo ìyẹn báyẹn.

Ọ̀gá yín pẹ̀lú ọ̀rọ̀ àga ẹ̀, n kò mọ ohun tí mo lè sọ. Tó o bá fọn tán, á ní o ń ṣàìsàn. Èmi ti sanra rí, mo ti fọn rí, ènìyàn ò yé sọ̀rọ̀ sí mi lára nínú méjèèjì. Ó sú mi. Mo kàn ń rán aṣọ mi.

O lè bi mí pé ibo la bá a dé. Kò sí ìyanu kankan. Mo jò díẹ̀, díẹ̀ padà wá, mo tún jò. Ṣúgà mi ti dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nọ́ọ̀sì ti sọ àkókò tí mo lè máa jẹun sí oògùn mi, òun ni mò ń tẹ̀ lé. Orókún Alhaja ti burú, a kì í rìn dé ọ̀nà bárékè mọ́. A máa ń dé ìkóríta, a ó jókòó sábẹ́ agboòrùn ọmọ tó ń ṣe POS, Màmá Ṣọ́jà á wá bá wa, a ó sì sọ̀rọ̀ títí tí oòrùn á fi le. Ó máa ń rẹ̀ mí kí n tó dé ibẹ̀, ó sì máa ń rẹ̀ mí kí n tó padà. Mo ṣì ń lọ. Láàárọ̀ yìí ni mo sọ ọ̀rọ̀ rẹ fún Alhaja. Wọ́n wá ní, "Ṣé o ti sọ ti oyin fún un?" Mo ní rárá. Wọ́n ní, "Sọ fún un. Kó má rò pé ọ̀dọ̀ òun ló ti bẹ̀rẹ̀."

Mo ti sọ ọ́ fún ọ báyìí.

Àwọn aṣọ rẹ wà nínú báàgì kan náà tó o fi rán wọn wá. Mo ti dín wọn kù bó o ṣe wí, torí mo mọ̀ pé o nílò wọn fún iṣẹ́. Àmọ́ mi ò gé ìkankan nínú wọn. Mo kàn ká wọn sínú ni, mo fi òwú tó ṣeé tú rán an. Tí ara bá padà, tàbí tí ọmọ bá dé, gbé wọn wá, mo lè tú wọn sílẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ìgò oyin kékeré kan wà láàárín kóòtù méjèèjì, mo fi aṣọ wé e kó má baà fọ́. Alhaja ló rà á. Kò sẹ́ni tó gbàdúrà sí i, mi ò gbé e dé ṣọ́ọ̀ṣì. Fi sínú báàgì tó ò ń gbé lọ síbi iṣẹ́. Tí ọwọ́ rẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, má wo aago, má wo fóònù. Ṣí i kó o lá a.

Má sì tún sọ fún mi lórí fóònù pé o ti jẹun. Nígbà tó o bá ń jẹun lọ́wọ́ ni kó o pè mí. O ò ní láti sọ nǹkan kan. Gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo, kó o máa jẹun, èmi á máa rán aṣọ mi níbí, màá máa gbọ́ ṣíbí rẹ.

Èmi ni,
ìyá rẹ, tó gbé fóònù sórí ẹ̀rọ ìránṣọ, tó ń dúró.